Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Abẹ́òkúta tó fẹ́ ka ìlànà ìjọba àti ìpẹ̀tùsááwọ̀ ní másításì

Kí ni wọ́n ń kọ́ gan-an nínú ẹ̀kọ́ yìí?

Ẹ̀kọ́ méjì ni, wọ́n kàn fẹ́gbẹ́ kẹ́gbẹ́ ni. Ìlànà ìjọba, tí yunifásítì ń pè ní Public Policy, ń wo bí ìjọba ṣe ń pinnu ohun tí yóò ṣe: ta ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá, owó wo ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é, ta ló máa jèrè rẹ̀, ta ló máa forí fá a, báwo la sì ṣe máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́. Ẹ ó ka ètò ọrọ̀ ajé, ẹ ó ṣe ìṣirò díẹ̀, ẹ ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìsúná. Ìpẹ̀tùsááwọ̀ ní tirẹ̀ ń wo ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀, ohun tó ń mú un gbilẹ̀, àti bí a ṣe lè yanjú rẹ̀ tí kò fi ní tún hù lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé òfin tí wọn kò rò dénú ló ń bí ọ̀pọ̀ ìjà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin kò ní ìjókòó kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Ní 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kó ara wọn jọ, wọ́n gba ààfin Aké lọ. Nígbà tó di oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, kò sì padà títí di oṣù kejìlá 1950. Wọ́n dá owó orí náà dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀. Ẹni tó ń ka ìlànà ìjọba á fẹ́ mọ irú owó orí tó jẹ́ àti ẹni tó láṣẹ láti bù ú fún aráàlú. Ẹni tó ń ka ìpẹ̀tùsááwọ̀ á fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kò fi wọ ẹnikẹ́ni létí. Kò sí bí ẹ ṣe máa lóye ọdún mẹ́ta náà bí ẹ bá mú ọ̀kan nínú ìbéèrè méjèèjì yìí jù sẹ́yìn.

Ṣé àwọn tó ka ìṣèlú tàbí òfin nìkan ni wọ́n ń gbà?

Rárá o. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, oníròyìn àti sójà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó jáde ní FUNAAB, tó ti bá àgbẹ̀ àti darandaran jókòó nínú oko ní Aláàbàtà, ní ìmọ̀ tí ọmọ ìṣèlú tí kò kúrò ní kíláàsì rí kò ní. Àwọn ilé ìwé tó fi ọrọ̀ ajé ṣe ìpìlẹ̀ ìlànà ìjọba nìkan ló lè béèrè bóyá ẹ ti ṣe ìṣirò tàbí ọrọ̀ ajé rí.

Ìwé wo ni kí n kó sílẹ̀?

Ìwé ẹ̀rí yunifásítì, WAEC tàbí NECO, ìwé àgùnbánirọ̀ tàbí ti ìyọ̀ǹda, tráńskírípítì, àti ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tó lè jẹ́rìí iṣẹ́ yín. Kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ olùkọ́ tó kọ́ yín. Ẹ má mú ọ̀gá ńlá tí kò mọ̀ yín dunjú nítorí orúkọ rẹ̀. Lẹ́tà ìlà mẹ́rin láti ọwọ́ kọmíṣánnà kò tó lẹ́tà ojú ewé kan láti ọwọ́ olùkọ́ tó rántí iṣẹ́ tí ẹ ṣe.

Tráńskírípítì ló ń dá àwọn ènìyàn dúró jù. Ilé ìwé yín ló máa fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé ìwé tí ẹ fẹ́ wọ̀, ó sì lè gba oṣù púpọ̀. Ẹ tọrọ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun mìíràn. Bí orúkọ yín bá ti yí padà nítorí ìgbéyàwó, ẹ tètè lọ ṣe ìwé ìbúra ní ilé ẹjọ́ kí orúkọ orí ìwé gbogbo lè bára mu.

Third class ni mo ní. Àbúrò mi, HND ló ní. Ṣé ọ̀nà ti dí nìyẹn?

Kò dí, ó kàn gùn sí i ni. Ọ̀pọ̀ yunifásítì nílẹ̀ yìí kì í gba ohun tó kéré sí second class lower fún másításì, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gba third class àti HND sí PGD, ìyẹn díplómà tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó bọ́ sí másításì. Bí ẹ bá ṣe PGD ọ̀hún dáadáa, ẹ ó lè bọ́ sí másításì. Ẹni tó jáde ní MAPOLY ní Òjéèrè, tó sì ti ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú ti òun láti gba ọ̀nà yìí. Kí ẹ má ṣá gba ti ẹni tó ń sọ pé òun lè “ṣètò” rẹ̀ fún yín láìsí PGD.

Ṣé mo lè kà á láì kúrò ní Abẹ́òkúta?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní NOUN. Yunifásítì àkàlọ́nàjíjìn ti ìjọba àpapọ̀ yìí ní ibùdó níbí, ó sì ń kọ́ni ní Peace Studies and Conflict Resolution láti ìpele oyè àkọ́kọ́ títí dé PGD, másításì àti PhD. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ náà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ NOUN rí, ibẹ̀ ló ti gba PhD nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run lẹ́yìn tó ti ṣe ààrẹ tán.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í rò ni pé kò sí ẹni tó máa lé yín lẹ́yìn. Ẹ̀yin nìkan, ìwé yín, àti dátà yín ni. Ìyàwó ilé tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú tó sì ní ètò lè ṣe é parí. Ọ̀dọ́kùnrin tí kò ní ọmọ, tí kò ní ìṣọ̀, tí ó ń sọ pé òun á kàwé tó bá di ọ̀la, kò ní ṣe é parí.

Ṣé mo lè máa ti Abẹ́òkúta lọ kà á ní Ìbàdàn?

Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà kan tó dá dúró fún un, Institute for Peace and Strategic Studies, ibẹ̀ sì ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tí ìpẹ̀tùsááwọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an. Ìrìn náà tó nǹkan bí 80 kìlómítà. Rélùwéè wà láti ibùdó Wọlé Ṣóyínká ní Láderìn lọ sí Moníyà, tí kò jìnnà púpọ̀ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹ gba àkókò kíláàsì kí ẹ tó gbójú lé e, torí wákàtí tí rélùwéè ń gbéra lè má bá ti kíláàsì yín mu. Ọ̀pọ̀ ló ń gba yàrá pẹ̀lú ẹlòmíì ní Àgbòwó, tí wọ́n á wálé ní ọjọ́ Jímọ̀.

Wọ́n ní másításì kan wà fún oníṣẹ́, òmíràn wà fún oníwàádìí. Èwo ni kí n mú?

Bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti ṣe PhD, ẹ mú ti oníwàádìí, kí ẹ sì ṣọ́ máàkì yín láti ọjọ́ kìíní. Ní Ìbàdàn, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹni tó fẹ́ wọ PhD tààrà gbọ́dọ̀ ní nínú másításì. Ti oníṣẹ́ kò burú fún ẹni tó fẹ́ ìgbéga níbi iṣẹ́, ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè títí wọ́n á fi parí tán, ìgbà náà ni wọ́n á wá gbọ́ pé kò gbé wọn dé PhD. Ẹ béèrè, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ fún yín.

Ògbóni àti Pàràkòyí ti ń parí ìjà nílẹ̀ Ẹ̀gbá kí òyìnbó tó dé. Kí ni yunifásítì tún fẹ́ kọ́ wa?

Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá béèrè èyí. Ọ̀rọ̀ ìlú wà lọ́wọ́ Ògbóni, ti ọjà àti òwò wà lọ́wọ́ Pàràkòyí, ti ogun wà lọ́wọ́ Olórógun, olúkúlùkù sì mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé. Ìlú tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé tẹ̀ dó lábẹ́ Olúmọ ní 1830, tí Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ní ọba tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò lè dúró títí dòní láìmọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ yín bí ẹni pé Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ìlàjà, ẹ bi í léèrè.

Àmọ́ àléébù wà nínú ti ilé náà, a sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ti rí i: wọ́n pe mọ̀lẹ́bí jọ, wọ́n ní kí àbúrò dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fọ́ obì, ọ̀rọ̀ parí. Ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí kò ì tíì kúrò níbi tó wà. Johan Galtung, ará Norway tó dá ilé ìwádìí àlàáfíà sílẹ̀ ní Oslo ní 1959, fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé kí ìjà dáwọ́ dúró kò ì tíì jẹ́ àlàáfíà bí ìrẹ́jẹ tó bí i bá ṣì wà nílẹ̀. Ohun tí yunifásítì ń fi kún ọgbọ́n àgbà ni kí ẹ máa wo ẹni tí kò sí níbi ìjókòó: obìnrin, ọ̀dọ́, àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nìyí. Wọ́n á ní ká ní ìdílé méjì ń du ilẹ̀ ní Ọbáńtokò. Ìdílé kan tọ́ka sí pèrègún tí bàbá àgbà wọn gbìn sí ààlà. Ìdílé kejì mú sọ́fè jáde, èyí tí òpó rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sí inú ilẹ̀ ẹnìkejì. Àwọn méjèèjì ń wí pé “ilẹ̀ wa ni.” Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe. Ìdílé àkọ́kọ́ wá sọ pé sàréè ìyá àwọn wà níbẹ̀, àwọn ń bẹ̀rù kí wọ́n má kọ́lé lé e lórí. Ìkejì ní ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà dé ẹ̀yìn ilé ni àwọn ń wá. Kò sí ìkankan nínú ohun méjèèjì tí a kò lè fún wọn pa pọ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ “ta ló ni ín” ì bá ti gbé ọ̀kan ṣubú. Ẹ máa ṣe irú èyí léraléra, pẹ̀lú olùkọ́ tó ń kọ ohun gbogbo tí ẹ sọ tí kò yẹ sílẹ̀.

Sìkọ́láṣíìpù wo ló wà fún irú ẹ̀kọ́ yìí?

Rotary Peace Fellowship ló bá a mu jù. Wọ́n ń san ohun gbogbo fún másításì ní àwọn ibi bí Uppsala ní Sweden, Bradford ní Gẹ̀ẹ́sì, Queensland ní Ọsirélíà àti Tókíò ní Japan. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta ó kéré tán, ẹ kò sì lè lò ó ní orílẹ̀-èdè yín. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tó ọdún márùn-ún lè wá ìwé ẹ̀rí onígbà kúkúrú ti Makerere ní Uganda. Ẹ fi ojú sí èyí: ọmọ ẹgbẹ́ Rotary, ọmọ bíbí inú rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Oṣù kejì ni wọ́n máa ń ṣí i, wọ́n á tì í láàárín oṣù karùn-ún.

Sìkọ́láṣíìpù Helmut-Schmidt ti DAAD, àjọ tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ní Jámánì, wà fún ìlànà ìjọba gan-an. Lára ilé ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni Willy Brandt School ní Erfurt, níbi tí ẹ ti lè ka ìlànà ìjọba kí ẹ sì fi ìpẹ̀tùsááwọ̀ ṣe ẹ̀ka tí ẹ tẹ̀ mọ́ jù, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Oyè yín tó gbẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́fà lọ. Wọ́n á kọ́ yín ní èdè Jámánì fún oṣù mẹ́fà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nìkan tó oore.

Chevening ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè wákàtí iṣẹ́ 2,800, tó jẹ́ iṣẹ́ ọdún méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ padà wálé fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ wà lára ohun tí ẹ lè kà mọ́ ọn.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù wọn. Èjẹ́ǹtì tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù ti purọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni kí n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi ń béèrè ìdí tí mo fi fẹ́ kàwé?

Kò sí ibi tí àwọn ọmọ wa tó já fáfá ti ń pàdánù tó ibí yìí. Wọ́n á kọ pé “láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àlàáfíà.” Ta ni kò fẹ́ràn àlàáfíà? Ẹni tó ń kà á ti ka irú rẹ̀ ọgọ́rùn-ún láàárọ̀ yẹn.

Ẹ mú ìjà kan tí ẹ mọ̀ dání wá. Ká ní ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, tí ẹ sì ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjà Láfẹ́nwá. Ẹ kọ bí aláta kan ṣe ń san tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba láàárọ̀, tó ń san ti ẹgbẹ́ ọjà lọ́sàn-án, tí àwọn ọmọ gáréèjì tún ń gba tiwọn kí ẹrù tó wọ mọ́tò. Ẹ kọ ohun tí ẹ ti gbìyànjú láti ṣe sí i, àti ibi tí ó ti le jù yín lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ kọ́ọ̀sì méjì ní ilé ìwé ọ̀hún tó kan ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ti ṣe ju ọ̀pọ̀ lọ.

Kí ni mo lè fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí láti Abẹ́òkúta?

Àdìrẹ ń pè yín. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó sì jọ àdìrẹ, wà lórí àtẹ ní Ìtòkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ìyá kan fi ọwọ́ ta pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún. Ṣé kí ìjọba fòfin dè é ni, àbí kí wọ́n fi òǹtẹ̀ sí èyí tí a fọwọ́ ṣe? Ta ló máa ṣọ́ òǹtẹ̀ náà? Àwọn kan lára àwọn tó ń ta àtẹ̀wá ọ̀hún jẹ́ ọmọ àwọn aládìrẹ fúnra wọn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìlànà ìjọba àti ìpẹ̀tùsááwọ̀ ti pàdé.

Òmíràn ni ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin lòdì sí fífi ipá gba ilẹ̀ ní 2016. Ẹ mú àdúgbò kan ṣoṣo, ẹ béèrè ohun tó yí padà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ní Yewa, tó le débi pé àwọn ará abúlé ní agbègbè Ẹ̀gùá sá wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ọdún kan náà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí òfin tó de ìdaran ní gbangba.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Òkè-Mosàn. Ṣé kí n gba ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́, àbí kí n máa kà á lábẹ́lẹ̀?

Ẹ má kà á lábẹ́lẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ọ̀gá yín kò mọ̀ nípa rẹ̀ lè di ẹjọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fi kún fáìlì yín. Ẹ kọ̀wé béèrè, ẹ fi lẹ́tà ìgbaniwọlé mọ́ ọn, ẹ sì pa ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ gbà mọ́. Bí wọ́n bá ní owó oṣù kò ní wọlé lásìkò ìsinmi náà, ẹ wo NOUN lẹ́ẹ̀kan sí i, tàbí kí ẹ wá kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀.

Tí mo bá parí, ṣé mo ti di onílàjà tí òfin mọ̀?

Rárá, ọ̀pọ̀ ni èyí sì ń yà lẹ́nu. Másításì fún yín ní ìmọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílàjà àti ti àwọn onídàájọ́ ẹ̀yìn ilé ẹjọ́ (arbitrator) ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tiwọn, ẹ ó sì sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tọ́ kí ẹ ṣe é. Òfin Arbitration and Mediation ti 2023, tó rọ́pò ti ayé ológun, fún ìlàjà ní àyè tirẹ̀ nínú òfin ilẹ̀ wa. Àdéhùn tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí lẹ́yìn ìlàjà kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ilé ẹjọ́ lè mú wọn ṣe é. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹ bá kọ àdéhùn náà wọ́gọwọ̀gọ, ẹ ti kó ẹni méjì sí wàhálà.

Iṣẹ́ wo ló wà níbẹ̀?

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó dá ogun Tigray dúró ní Pretoria ní oṣù kọkànlá 2022, Ọbásanjọ́ wà lára àwọn tó ṣe alárinà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Adájọ́ Bọ́lá Ajíbọ́lá, tó dá Yunifásítì Crescent sílẹ̀ níbí, jókòó ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague. Ẹni wa ni wọ́n, kí a máa fi wọ́n yangàn. Àmọ́ ọdún pípẹ́ nínú iṣẹ́ ológun, ìṣèjọba àti òfin ló gbé wọn débẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ẹ̀ka ètò àti ìsúná ní iléeṣẹ́ ìjọba, àjọ tó ń ran asásálà lọ́wọ́, ẹ̀ka tó ń bá ará àdúgbò sọ̀rọ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá, ilé ìwádìí, àti kíkọ́ni. Bí ẹ kò bá tíì ṣiṣẹ́ kankan rí, ẹ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún kan tàbí méjì ná. Ẹni tó ní másításì méjì láìní iṣẹ́ kankan máa ń pẹ́ kó tó rí ẹni gbà á.

Kí n má parọ́, ọ̀nà àtijáde ni mo ń wá. Ṣé ẹ̀kọ́ yìí dára fún un?

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé ẹ fẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. Láti oṣù kìíní 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másításì oníkíláàsì (èyí tí kì í ṣe ti oníwàádìí) ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Jámánì ń béèrè kí ẹni tí kò ní sìkọ́láṣíìpù fi 11,904 yúrò sí àkáǹtì tó wà ní títì kí wọ́n tó fún un ní físà, owó jíjẹ mímu ọdún kan. Ẹni tó bá ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ láti fi ka ẹ̀kọ́ tí kò wù ú, mi ò lè bá a yọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lásán lẹ̀ ń wá lọ́hùn-ún, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí kọ̀ǹpútà yá ju èyí lọ.

Ìjà tí mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ṣé kò léwu?

Ó léwu, fún yín àti fún àwọn tó bá bá yín sọ̀rọ̀, tiwọn ló sì pọ̀ jù nítorí ẹ̀yin á padà sí ilé ìwé, àwọn á ṣì máa gbé ibẹ̀. Kí ẹ tó wọ abúlé, kí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwà ọmọlúàbí ní yunifásítì yín ti fọwọ́ sí i, kí baálẹ̀ sì mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ má gba ẹnu baálẹ̀ nìkan. Bí ẹ bá ti jókòó pẹ̀lú àgbẹ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú Fúlàní tó ń gbé lágbègbè náà, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ kan náà, ẹ má sì gun ọ̀kadà ìhà kan lọ sọ́dọ̀ ìhà kejì.

Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sórí ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà, kí ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà níbòmíràn, kì í ṣe nínú fóònù kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn tó ti sọ̀rọ̀, ẹ pa ohùn rẹ̀ rẹ́ níṣojú rẹ̀. Bí àgbófinró tàbí ẹbí kan bá sì ní àwọn fẹ́ gbọ́ ohun tí ìhà kejì sọ, ẹ má fún wọn, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní yunifásítì ló ni iṣẹ́ náà, kí ẹ sì pe alámòójútó yín lọ́jọ́ náà gan-an.